Omi Àlùwàlá Abẹ́ Páànù

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá gbogbo wa gbé, ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ wà níwájú àti ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò pọ̀. Ọlọ́hun kò fẹ́ ìnákúnàá. Ẹ ti gbọ́ ọ títí pé bí èèyàn tilẹ̀ ń ṣe àlùwàlá létí odò tó ń ṣàn, kó má fi omi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ omi, tí kò ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀, kí ló ṣọ́? Ẹ má dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dá a lóhùn.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa ní Ìwó níbí, Bàbá Sànúsí. Fìlà ló ń rán kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Múnírátù, ń gbé ní Kánò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ṣẹ̀fíátù ìyàwó rẹ̀ ló dá oko ẹ̀fọ́ kékeré kan sẹ́yìn ilé, tòmátì, ata, ilá àti tẹ̀tẹ̀, kò fẹ̀ ju ibi tí a lè tẹ́ ẹní mẹ́jọ sí lọ. Obìnrin yẹn kò náwó sí i. Eérú ààrò ló ń wọ́n sídìí ẹ̀fọ́ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ ni ajílẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya ló fi ń bo ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kí adìyẹ má baà tú u, ewé gbígbẹ ló sì ń tẹ́ sórí ilẹ̀ kí oòrùn má tètè fa omi rẹ̀. Omi tó fi fọ ìrẹsì ńkọ́? Ìdí ata ló ń lọ. Ẹ̀yin ìyá, mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín o. Ta ló da tirẹ̀ sí gọ́tà láàárọ̀ yìí?

Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan síbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀. Ó ní, "Bàbá Múnírátù, orí òkúta yìí ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe àlùwàlá kẹ́ ẹ tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Omi tẹ́ ẹ fi fọ ẹsẹ̀, tòmátì á rí i mu." Ó fi ọkọ́ fa ojú ọ̀nà tóóró kan fún omi náà láti ìdí òkúta, ó gba àárín ẹ̀fọ́ kọjá títí dé ìdí ògiri. Òjò ti wó ibì kan lára ògiri ọ̀hún. Àlàfo yẹn ni Ṣẹ̀fíátù máa ń gbà na ẹ̀fọ́ sí Àmúdátù, opó kan tó ń hun ẹní lódì kejì.

Ṣẹ̀fíátù papò dà. Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ ẹ.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí, Bàbá Sànúsí ń bu omi sí ata nígbà tó rí ọwọ́ kan tó yọ nínú àlàfo. Àmúdátù ni. "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ṣé kò ní sí tẹ̀tẹ̀ díẹ̀?"

Ibi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń dúró sí ni ọwọ́ yẹn nà sí. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ kò pọ̀ tó ohun tí à ń pín." Lọ́jọ́ kejì ó kan páànù mọ́ ojú àlàfo náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe pa mọ́ṣáláṣí tì. Bó bá ti kírun tó dé ilé, kò sẹ́ni tí yóò sọ pé Ọlọ́hun á gbà á. Ilé á pa lọ́lọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara rẹ̀ pé àlùwàlá tí òun máa ń tún ṣe ní mọ́ṣáláṣí, gọ́tà ni omi rẹ̀ ń bá lọ, ìnákúnàá sì ni. Ilé ni òun ó ti máa kírun, kí omi ìrun márààrún lè máa lọ sídìí tòmátì Ṣẹ̀fíátù. Ẹ gbọ́ àwáwí! Ìbànújẹ́ ló ń ṣe bàbá, ó wá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bò ó mọ́lẹ̀. Mélòó nínú wa ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Nígbà ọyẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé búta, ó gun orí òkúta láti ṣe àlùwàlá ìrun alásàrì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ṣubú sáàárín tòmátì, egungun ìdí rẹ̀ sì yẹ̀. Kò lè dìde, kò lè rá. Ó pariwo, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti dí i lọ́fun, ohùn rẹ̀ kò dé ibì kan. Fóònù rẹ̀ dún nínú yàrá, ó dún títí ó fi dákẹ́. Ó mọ̀ pé ọmọ òun ni.

Nígbà tó di mọ̀gàríbì, ó gbọ́ ohùn lèmọ́ọ̀mù láti inú gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. "Ẹ tò dáadáa. Ẹ fara kanra. Ẹ dí àlàfo, kí ṣàìtáánì má baà rí àyè."

Bàbá Sànúsí fetí sílẹ̀ bóyá ẹnì kan á béèrè pé, "Bàbá tó máa ń dúró lápá ọ̀tún ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó béèrè. Oṣù mẹ́rin ni kò ti yọjú. Wọ́n ti dí àlàfo rẹ̀ tipẹ́.

Ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ṣe tàyámọ́mù, àlùwàlá oníyẹ̀pẹ̀, ó kírun ní ìdùbúlẹ̀. Bó ti ń ṣe é nìyẹn, ìrun lórí ìrun. Tòmátì tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló ń jẹ. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ikú. Ó ń rò ó pé bí òun bá kú síbẹ̀, ọjọ́ wo ni wọn yóò tó mọ̀?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àmúdátù lọ wo tẹ̀tẹ̀ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí kan fún yín. Nígbà tí bàbá kan páànù, kò rántí ilẹ̀. Omi àlùwàlá rẹ̀ ń gba abẹ́ páànù kọjá, Àmúdátù sì ti gbin tẹ̀tẹ̀ ìlà kan síbi tó ń gbà, kò sọ fún ẹnì kankan. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tẹ̀tẹ̀ ti sorí kọ́. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó gbẹ táútáú.

Ó dìde dúró. Ó ní, "Bàbá yìí láhun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pa ìrun jẹ. Omi rẹ̀ dà?"

Ó pè é, kò gbọ́ èsì. Ó mú òkúta, ó fi lu páànù títí ìṣó fi yọ, ó sì gba ojú àlàfo wọlé. Ó bá a nílẹ̀, ètè rẹ̀ ti bó, ìyẹ̀pẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu obìnrin náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Omi yín ni mo ń jí lò."

Ohùn bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ó ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó jẹ́ kí o jí i."

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ó gbádùn, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ohun tí kò fún ẹnikẹ́ni ni ọyẹ́ àti adìyẹ jẹ tán. Èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lábẹ́ páànù ló gbà á lọ́wọ́ ikú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtàn kò tíì tán. Lèmọ́ọ̀mù tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó ní kẹ́ ẹ dí àlàfo, èmi ni. Nígbà tí mo lọ kí bàbá, ó wò mí, ó ní, "Lèmọ́ọ̀mù, ta ló wà ní àyè mi báyìí?"

Mi ò mọ̀.

Ojú ọ̀nà omi tẹ́ ẹ rí láti ibi àlùwàlá wa lọ sídìí àwọn tòmátì ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, bàbá ló fi ọ̀pá júwe bí a ó ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni ló lè já èso níbẹ̀. Ohun tí a bá gbìn, tí ẹyẹ tàbí èèyàn jẹ níbẹ̀, sàráà ni. Ẹ ṣọ́ omi, ẹ tọ́jú eérú, ẹ má da omi ìfọrẹsì nù. Ṣùgbọ́n kí a tó dí àlàfo lónìí, kí oníkálukú wo ọ̀tún, kó wo òsì, kó béèrè ẹni tó ni ín.

Ọlọ́hun, má jẹ́ kí a fi ìṣọ́ra di ahun. Ẹni tó dá wà nínú ilé tí kò lè pariwo, jẹ́ kí omi rẹ̀ ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí omi náà bá sì dá, jẹ́ kí a tètè mọ̀. Àmín.