Tàjùdéèn Ní Bọ́ọ̀sì Lòun Ń Wà

Rọra fà á, Rùkáyàt, irun lò ń dì, o ò di ẹrù! Orí tó ti gbóná tẹ́lẹ̀! Ṣé bó ṣe yẹ kí Tàjùdéèn ṣe mí nìyí? Èmi Àsúmáù, èmi tí mo bí i, ẹnu Alájà Hàlímọ̀tù ni mo ti gbọ́ oríire ọmọ mi, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ní Jímọ̀ ìjẹta, níbi tí mo ti ń wá bàtà mi!

Alájà dì mọ́ mi gbàgì, "Ìyá Tàjù, ẹ kú oríire o, ọmọ yín ti gbé wọn dé final!" Final wo? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní a dúpẹ́, a dúpẹ́, bíi pé mo mọ̀. Wàláì, mi ò mọ nǹkan kan! Wọ́n na fóònù sí mi, mo wò ó, Tàjù mi ni, akoto ńlá lórí, ní Jámánì, ó tún ń ju bọ́ọ̀lù!

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yẹn náà ni, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù. Gbogbo ọdún tó fi ṣe kọ́tàbáàkì fún ẹgbẹ́ Jámánì yẹn, tó jẹ́ òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fáwọn yòókù, táwọn géńdé bíi fìríìjì á máa sáré bọ̀ wá wó o mọ́lẹ̀, ṣé ìgbà kan wà tí kò pè mí kó tó wọ pápá? "Màmí, ẹ ṣàdúà fún mi." Màá pè é ní Àkànní, màá ṣàdúà, á ṣàmín. Nígbà tí èjìká ẹ̀ wá yẹ̀, wọ́n fi ọmọdé kan rọ́pò ẹ̀, wọ́n ní ó ti darúgbó. Arúgbó, lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógójì! Ó padà sí Peckham nílùú òyìnbó níbí, ó fa kọ́tìnì, kò jáde mọ́. Ta ló ń fi òrí ra èjìká yẹn láàárọ̀ lálẹ́? Èmi náà ni mo ní kó lọ kọ́ bọ́ọ̀sì wíwà, mo sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Ṣé ìyẹn burú? Má dáhùn!

Àṣé orúnkún ọmọdé yẹn ti bàjẹ́, ẹgbẹ́ ń fìdí rẹmi, ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí arúgbó tí wọ́n lé. Ohun tí Tàjù sọ fún èmi ni pé wọ́n ti gbé òun kúrò ní bọ́ọ̀sì Peckham, ọ̀nà jíjìn lòun ń wà báyìí, ìdí nìyẹn tóun kì í fi í sí nílé. Ó sì ń borí lọ́hùn-ún láìsí àdúà mi! Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ta ló ń bá a ṣe é? Kóòṣì Jámánì tí ò mọ oríkì ẹ̀?

Ẹ̀n? Ṣé ó ṣì ń pè mí? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń pè mí ní gbogbo Sunday, á ní òun fẹ́ gbéra, kí n ṣàdúà. Àdúà awakọ̀ ni mo sì ń ṣe fún un! Pé ẹnikẹ́ni ò ní kọlù ọ́, ọ̀nà á là fún ẹ, wàá gúnlẹ̀ láyọ̀… Sùbúánàlàhì! Rùkáyàt, Alájà ní látìgbà tó ti padà, kò tíì sí géńdé kan tó rí i wó mọ́lẹ̀! Òfúrufú ni wọ́n ń dì mú! Àdúà bọ́ọ̀sì ló ń ṣiṣẹ́!

Síbẹ̀, mi ò ní gbé ìpè ẹ̀ lónìí tí wọ́n fẹ́ gbá final yẹn. Final ni o, final kọ́ o, mo ti sọ ọ́. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn…

Fóònù ta ni yẹn? Òun ni? Gbé e wá kíá, fi kóòmù yẹn sílẹ̀!

Hẹ̀lóò, Tàjù. Ẹ̀n-hẹ́n. O fẹ́ wa bọ́ọ̀sì lọ sí Birmingham? Èrò á pọ̀ lọ́nà lónìí o! Wà á lọ, Àkànní ọmọ Àsúmáù. Ẹnikẹ́ni ò ní kọlù ọ́, ọ̀nà á là fún ẹ, wàá gúnlẹ̀ láyọ̀. Ṣàmín kí n gbọ́! Ṣùgbọ́n tóo bá ti dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, gbé ife ẹ̀yẹ wọn dání, kóo wá dọ̀bálẹ̀ fún mi pẹ̀lú ẹ̀ nílẹ̀ Peckham níbí!

Háà háà háà! Rùkáyàt, ó ní ta ló sọ fún mi! Tan tẹlifíṣọ̀n, jàre.