Ìbáwí Tí Kò Yé Àwọn Yòókù

Èmi, Rúùtù Àbẹ̀kẹ́ Ajíbówó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ọmọ bíbí ìdílé alágbẹ̀dẹ ní Ìkirè, ni mo jókòó ti obìnrin méjì nínú takisí láti Bwari wọ àárín ìlú Àbújá. Èyí tó kéré, ọ̀gá tuntun ní iléeṣẹ́ ìjọba, ń rojọ́ fún èyí àgbà.

“Mọ́mì, mẹ́ta nínú òṣìṣẹ́ mi ti ní kí wọ́n gbé àwọn kúrò lábẹ́ mi. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ràn.”

“Kí lo ń ṣe fún un?”

“Ìbáwí ni, mà. Bó bá ṣàṣìṣe, Yorùbá ni mo fi ń bá a wí, kí ojú má baà tì í níwájú wọn.”

Àgbà náà rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ń nà án lọ́rẹ́, àwọn rò pé ẹ jọ ń jẹ àkàrà. Ọmọ mi, ẹni tí kò gbọ́ èdè, orúkọ ara rẹ̀ ló máa ń gbọ́ nínú rẹ̀.”

Ọ̀gá náà bi í pé, “Ṣé kí n wá máa fi Gẹ̀ẹ́sì dójú tì í ni?”

“Pè é sí yàrá rẹ, kí o tilẹ̀kùn. Kí o sì máa pe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Wọ́n ti kọ̀wé, mà.”

“Wọn ò tíì lọ. Ẹni tínú ń bí jù ni kí o kọ́kọ́ pè lọ́la.”

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún yìí, tí iṣẹ́ yóò wọlé lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ni a jọ wọ takisí náà; n kò tún rí wọn mọ́ látìgbà náà.