Ìka Mi Ló Ti Ìlẹ̀kùn Ẹyẹ Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ohun kan wà nínú mi tí ó ti pé ọdún méje. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún àfáà kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣépè fún mi.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ọ̀gá mi fi Hájì ta mí lọ́rẹ lọ́dún yìí. Ìwé àṣẹ rẹ̀ ti jáde. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ọpẹ́ náà kò kọjá ọ̀nà ọ̀fun mi. Ó ti di ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń gbé ní Jẹ́dà. Mẹ́kà kò jìnnà sí wa rárá, síbẹ̀ mi ò ṣe Hájì rí. Nílé, ní Ìsẹ́yìn, Àlàájì ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó ń gbé etí odò kò ní máa fi itọ́ bọ́jú. Ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, owó ni kò sí. Láti ọdún méje yìí, lọ́dọọdún ni mo ń wá àwáwí: iṣẹ́ pọ̀, ara mi ò yá, ọmọ ń ṣàìsàn. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi nílé kéú pé Hájì máa ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í fọ ẹ̀tọ́ ọmọlàkejì, àfi bí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda. Nítorí náà, kí ènìyàn tó lọ, yóò kọ́kọ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Èmi mọ ẹni tí mo ṣẹ̀. Mo kàn kórìíra rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tìjání. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Mẹ́kà ni wọ́n bí i sí, ní An-Nakkasah, lórí òkè níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Bàbá bàbá rẹ̀ ni ó wá ṣe Hájì láti Ìwó tí kò padà mọ́. Yorùbá rẹ̀ kò ju ti inú ilé lọ, ṣùgbọ́n Lárúbáwá rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aago kan ní Jẹ́dà. Ọ̀gá kan náà ni ìkámà wa, ìyẹn ìwé tí a fi ń gbé ìlú, wà ní abẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá yọwọ́ lọ́rọ̀ ẹni, ìlú náà ti yọwọ́ nìyẹn.

Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní torí pé mo ń tọrọ àforíjì kí n parọ́ fún yín. Títí di òní, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sí oníbàárà tí yóò wọlé tí Tìjání kò ní fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú rẹ̀. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan sọ, yóò tún un sọ sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. Yóò ní, “Ẹ má dá a lóhùn. Òórùn ọkọ̀ òfurufú ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀.” Ọdún kẹfà mi ní Jẹ́dà sì nìyẹn.

Ohun tí ó tún ń dùn mí jù ni pé ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ọ̀gá wa máa ń kó aago onígi kan wá láti ìlú òyìnbó. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí ilé kékeré, ẹyẹ kan sì máa ń yọ jáde lẹ́nu ìlẹ̀kùn òkè rẹ̀ láti ké iye aago tí ó bá lù. Ojúlówó rẹ̀ kò ní bátìrì. Irin wíwúwo tí ó so rọ̀ sára ẹ̀wọ̀n ni ó ń fà á, ọ̀pá kan sì ń fì sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ rẹ̀. Ẹwìrì kéékèèké méjì wà nínú rẹ̀, bíi ti alágbẹ̀dẹ; afẹ́fẹ́ inú wọn ni ó ń di igbe ẹyẹ.

Etí ni Tìjání fi mọ aago yìí. Bí ó bá ti gbé e kọ́ sára ògiri, yóò di ojú, yóò máa fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Ó ní aago tí ó bá ń tiro kò ní rìn jìnnà. Èmi a máa fi irinṣẹ́ wọn ògiri, n ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ aago tèmi a dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin Lárúbáwá kan wá láti Al-Aziziyah ní Mẹ́kà. Ó ní ilé tí ó ń fi háyà fún àwọn oníhájì. Aago ẹyẹ ni ó fẹ́ gbé sí pálọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá a lóhùn. Mo gbé oníbátìrì fún un, nítorí pé kò ní wàhálà. Bí Tìjání ṣe dé láti ẹ̀yìn nìyẹn. Ó ní, “Màmá, òkú ẹyẹ ni ẹ̀gbọ́n yìí fẹ́ tà fún yín.” Ó bi í pé ta ni yóò máa fa ẹ̀wọ̀n aago nínú ilé rẹ̀. Obìnrin náà ní òun máa ń rìnrìn àjò. Tìjání ní a jẹ́ pé ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ni kí ó mú, kì í ṣe èyí tí a ń fà lójoojúmọ́. Ó bi í bóyá oorun rẹ̀ fúyẹ́, ó sì fi ibi tí a ti ń pa ẹyẹ náà lẹ́nu mọ́ hàn án.

Obìnrin náà wá kọjú sí mi bí ẹni tí ó rí olè. “Ìwọ, kí ló dé tí o kò sọ gbogbo èyí fún mi?”

Tìjání ló bá mi fèsì. “Kò mọ̀ ọ́n ni, Màmá. Ẹ ṣàánú rẹ̀.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pàápàá rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀gá rán àwa méjèèjì lọ gbé aago náà kọ́ ní Al-Aziziyah. Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi. Kí aago náà tó wọ páálí, àwọn tí ó ṣe é máa ń fi ìkọ́ wáyà kékeré kan ti ìlẹ̀kùn ẹyẹ, kí ó má baà ṣí lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá gbé e kọ́ gbọ́dọ̀ yí ìkọ́ náà kúrò. Bí kò bá yí i, ẹyẹ yóò fi orí gbá ìlẹ̀kùn, irin tí ó gbé e dúró yóò sì ṣẹ́. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wa nìyí.

Tìjání yí i kúrò. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó so àwọn irin rọ̀, ó ti ọ̀pá kí ó máa fì, ó di ojú, ó tẹ́tí. Ó ní, “Gbọ́ bó ṣe ń rìn. Kò tiro rárá.” Obìnrin onílé ti pe àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Wọ́n wà ní yàrá inú, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n ń retí igbe àkọ́kọ́ ní aago mẹ́rin.

Ìgbà náà ni wọ́n pe ìrun Àsárì. Tìjání sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Mo ní kí ó máa lọ, pé mo fẹ́ palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́. Mo gun àkàbà. Ìka kan ṣoṣo ni mo lò. Mo yí ìkọ́ náà padà sójú ìlẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó ìgbà tí ènìyàn fi ń wí Bísímílà. Lẹ́yìn náà mo lọ kírun. Ẹ̀gbẹ́ Tìjání ni mo dúró sí nínú sàfù, ìyẹn ìlà ìrun, ẹsẹ̀ mi kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Inú ààlà ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ni Al-Aziziyah wà, níbi tí pípa ẹyẹlé lásán ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì forí kanlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ó di aago mẹ́rin, àwọn obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn kékeré náà gbọ̀n, kò ṣí. Igbe wá láti inú bí igbe ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ dí lẹ́nu. Nǹkan kan ṣẹ́, ọ̀pá sì dúró. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ní, “Ẹyẹ rẹ kò fẹ́ rí wa.” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Onílé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a gbé pàǹtí wa kúrò lára ògiri òun.

Tìjání gun àkàbà, ó rí ìkọ́ náà. Ó wo ìka ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Yorùbá ni ó sọ sí mi, èdè tí kì í bá mi sọ. “Mo ṣí i. Àbí mi ò ṣí i? O wà níbẹ̀. Ṣé o rí mi?”

Mo ní, “Mi ò wo ọwọ́ rẹ.”

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ní kí n búra. Mo búra. Mo ní, “Wàláhì, mi ò rí i kí ó ṣí i.” Ọ̀gá kọjú sí Tìjání, ó ní, “Ẹnu rẹ mọ iṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ lọ.” Nígbà tí ìkámà rẹ̀ tán, ọ̀gá kọ̀ láti tún un ṣe. Tìjání wá ọ̀gá mìíràn káàkiri, kò rí. Wọ́n dá a dúró lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, wọ́n sì dá a padà sí “ìlú rẹ̀,” ìyẹn Nàìjíríà, tí kò fi ojú kàn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Àpótí ìjókòó rẹ̀ di tèmi. Èmi náà ti mọ bí a ṣe ń di ojú tẹ́tí.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní An-Nakkasah, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ojú ìyá náà kò ríran dáadáa mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Àlàájà yìí kí ọkàn mi lè dákẹ́. Mo ń gbé oúnjẹ lọ, mo ń ra oògùn ojú rẹ̀. Ọkàn mi kò dákẹ́. Yóò máa fi ọwọ́ wá orí mi kí ó lè ṣàdúrà fún mi, yóò ní, “Ìwọ ni Ọlọ́run fi dípò rẹ̀ fún mi. Òun ò fara balẹ̀ bíi tìrẹ.”

Nígbà tí ìwé Hájì jáde, mo pinnu láti jẹ́wọ́. Mo pe Tìjání lórí fóònù. Ó wà ní Ìwó, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀, ó ń ta omi tútù. Wọ́n ń pè é ní Lárúbáwá níbẹ̀. Bí ó ti gbọ́ ohùn mi báyìí, ó ní, “Àlàájì tí kò lọ Hájì. Ṣé o ti wá mọ Lárúbáwá sọ ni, àbí ìfaraṣàpèjúwe lo ṣì ń ṣe?” Ó kù díẹ̀ kí n pa fóònù. Síbẹ̀ mo ní, “Ọ̀rọ̀ kan wà nípa aago Al-Aziziyah.”

Ó ní, “Má dárúkọ aago fún mi. Mi ò fọwọ́ kan aago mọ́. Ọwọ́ mi sọ fún mi pé mo ṣí i, ojú mi rí i pé mi ò ṣí i. Ní báyìí, bí mo bá ti ìlẹ̀kùn ilé, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń padà lọ wò ó. Ìyàwó mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọwọ́ ara rẹ̀ bá ń parọ́ fún, iṣẹ́ wo ni yóò ṣe?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Fún ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn pé ẹnu tí ó fi bú mi ti rẹ̀ sílẹ̀ báyẹn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé iṣẹ́ àti ìlú nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé mo ti gba ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, mo pa fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sọ fún Àlàájà pé mò ń lọ Hájì. Omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Tí o bá dé Àráfà, bá mi dárúkọ ọmọ mi. Bẹ Ọlọ́run kí ó dárí àìfarabalẹ̀ rẹ̀ jì í, nítorí òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́.”

Mo ní, “Àmín.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àmín ni mo ṣe. Báwo ni n ó ṣe dúró ní Àráfà, kí n máa bẹ Ọlọ́run pé kí ó dárí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ji Tìjání? Bí mo bá sì sọ òtítọ́, ọ̀gá yóò gbọ́, ìkámà tèmi náà lè lọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. N ó sọ ọ́. Mi ò fẹ́ràn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò parọ́ fún un, ó sì yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ wa yóò gbéra. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí: ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọmọ ni tàbí ìyá?