Ìgò Tí Mo Gbé Fún Bàbá Yín Lórí Ìtàgé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí mo ti ń pa mọ́ sínú láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ó tó kí n sọ ọ́ jáde. Èmi àti ọ̀rọ̀ yìí kò ní í jọ wọ sàréè kan náà.

Bàbá yín, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ni olórí ẹgbẹ́ òṣèré wa. Èmi ni káfíńtà. Ó tún eré apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ kan kọ, nípa ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko ṣùgbọ́n tó ń pariwo àìsàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àti dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ọjọ́un: orí ìbáà fọ́ ọ, ẹsẹ̀ ìbáà dùn ọ́, wọn á fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ, wọn á fún ọ ní oògùn ìyàgbẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe dókítà. Lójú gbogbo ẹgbẹ́ ló ti ní, "Àna mi, ìwé mẹ́ta lo kà. Oògùn eku lo fẹ́ kọ fún wa ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa gbé ìgò oògùn tẹ̀lé dókítà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí: bí mo bá di èèyàn sínú, okùn rẹ̀ kì í tú.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe aláìsàn. Omi ṣúgà ló máa ń wà nínú ìgò. Lọ́jọ́ tí èrò kún, mo dà á nù, mo rọ ojúlówó oògùn ìyàgbẹ́ sí i, èyí tó tó fún ẹṣin. Ó gbé e mì. Kò pẹ́, ó di ikùn mú: "Ẹ gbà mí! Àìsàn ń ṣe mí lóòótọ́!" Ẹ̀rín bú. Ọ̀rọ̀ tí aláìsàn ń sọ nínú eré gan-an nìyẹn! Dókítà orí ìtàgé ní, "Ẹ tún fún un sí i!" Bàbá yín rá wá bá mi, ó di ṣòkòtò mi mú, ó ní jẹ́jẹ́, "Àna mi, mi ò ṣeré mọ́. Mò ń kú lọ." Èyí tó burú jù nìyí: mo gbọ́, mo mọ̀, mo sì tún gbé ìgò sí i lẹ́nu. Ìkà ni mí.

Ọsibítù ló ti lajú. Dókítà gidi ní, "Láyé àtijọ́, wọn ìbá tún fún yín sí i. Bí wọ́n ṣe sin ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn." Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi inú kan ṣe, inú burúkú ni èmi fi ṣe é.

Ẹ rí i báyìí tí ara mi ò le mọ́, bàbá yín ló ń fún mi lóògùn láràárọ̀. Lánàá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó mi ìgò oògùn mi, ó ní, "Mo mọ̀. Omi ṣúgà kì í korò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀, ẹ sì gbé e mì?"

"Lórí ìtàgé, kí n tu ú dànù lójú èrò? Èrò kankan ò pàtẹ́wọ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí. Yanu, jàre."

Mo yanu. Ó korò, ó sì dùn mọ́ mi. Òun ti foríjì mí. Ẹ̀yin ọmọ rẹ̀ ló kù. Ẹ dákun. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní inú ń run òun, bí ẹ̀rín ti wù kó máa pa yín, ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́.