Fótò Gàrúbà Lẹ́nu Gééti

Ẹ bá mi wo ìyà tó ń jẹ àgbàlagbà. Láti àárọ̀ tí mo ti jókòó níwájú gààráàjì wa ní Zongo, ní Parakou níbí, ohùn ẹnì kan ni mò ń gbọ́ láti òdìkejì títì. Gàrúbà ni. Ó ń to iṣu sínú kámíọ̀n ẹlòmíràn, ó ń dápàárá, ó ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to iṣu tí kò fi ní dá títí tó fi máa dé Kútọnu. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn alábàárù tó kù ń wo ojú mi, èmi náà ń wo ojú wọn, iṣu sì wà nílẹ̀ bí òkè. Pàtírọ̀n wa, ọ̀gá tó ni iṣu, ti sọ ọ́ pé bí Gàrúbà ò bá padà kí iṣu tuntun tó wọ̀lú dáadáa, kí èmi náà máa lọ sinmi nílé. Èmi, sinmi? Kí ni mo ṣe tó rẹ̀ mí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ fún yín, kí ẹ má baà rò pé èèyàn lásán ló ń ráhùn. Wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rí abuké rẹ̀, mo ti rí arọ rẹ̀. Olùkọ́ ṣì ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà nígbà tí mo fi iléèwé sílẹ̀, mo gun orí ẹrù àlùbọ́sà, ó di Niamey. Mo dé Kánò, mo dé Kùmásì, mo gbé Àbíjáànù pẹ́ débi pé wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kò sí irú ẹrù tí mi ò tò rí: àlùbọ́sà, òwú, kajú, títí kan màlúù láàyè. Ẹ lọ bi ara yín bí wọ́n ṣe ń to màlúù láàyè. Nígbà tí mo padà sí Parakou, Àlájì tó ni gààráàjì yìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní, “Ọ̀gá, iṣu mi ń dá lọ́nà.” Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni iṣu rẹ̀ kò dá mọ́. Àwọn awakọ̀ ìgbà náà ṣì wà láàyè, ẹ bi wọ́n.

Àlájì kú, Ràímì ọmọ rẹ̀ di pàtírọ̀n. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bú u. Ó kàwé ní Kútọnu, bàtà tó ń dán ló máa ń wọ̀ wá sínú eruku, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi, ìdọ̀bálẹ̀ tòde òní, èyí tí ọwọ́ máa ń kan orúnkún tí kì í kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé dé láti inú gbogbo ìwé tó kà: mótífásíọ̀n. Láàárọ̀, mótífásíọ̀n. Lọ́sàn-án, mótífásíọ̀n. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ wa ò ní i. Mo bi í pé kí ni nǹkan ọ̀hún. Ó ní, “Bàbá, ohun tó máa ń wà nínú èèyàn, tí á fi fẹ́ ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ń lé e lẹ́yìn ni.” Mo ní, “Ebi nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ebi nìkan ò tó. Ẹnu mi ò wá gbé jẹ́ẹ́. Mo ní òtẹ́ẹ̀lì kan wà ní Àbíjáànù tí mo máa ń já ẹja fún, wọ́n máa ń gbé fótò òṣìṣẹ́ tó bá ṣe dáadáa jù sára ògiri, àwọn yòókù á sì máa sáré kí tiwọn náà lè débẹ̀. Ojú Ràímì tàn. Ó ní, “Háà, Bàbá, ẹ ti rí ayé.” Ṣé ẹni tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún á tún sọ pé kí wọ́n rọra ṣe? Mo ní kí wọ́n má gbé tiwa sínú, kí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu gééti gan-an kí gbogbo Zongo rí i. Ó ní kí n mú ẹni tó dára jù. Mo mú Gàrúbà. Àbí ta ni kí n mú?

Gàrúbà yìí, ọmọ Bàrùbá ni, láti apá Nikki, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tèmi lọ. Bó ṣe máa ń fi iṣu lélẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sùn ni. Ràímì ya fótò rẹ̀, ó gbé e fún ọkùnrin kan tó ń tẹ fótò ńláńlá lẹ́bàá ọjà. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yẹn ń ṣe lójoojúmọ́ kò ju fótò òkú lọ, ti àwọn tó bá fẹ́ sìnkú. Bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe náà ló ṣe é. Ó fi òdòdó yí orí Gàrúbà ká, ó fi àwọsánmà sẹ́yìn rẹ̀, ó wá fi Faransé kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé òun ni òṣìṣẹ́ tó dára jù lóṣù náà. Ta ló ń dúró ka Faransé lẹ́nu gééti? A gbé e kọ́. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Mo fà sẹ́yìn wò ó, ó wù mí, mo ní ọ̀làjú ti wọ Zongo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìlú yìí ti mọ ibi tí mò ń lọ. Níbí, ẹni tó bá kú ni wọ́n ń gbé fótò rẹ̀ gbàgàdà síta báyẹn. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é, àwa mùsùlùmí kì í sábà ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú wa? Èmi ni mi ò rántí. Àbíjáànù ló wà lójú mi.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí ọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò ti dúró níwájú gééti, ó ṣí fìlà, ó mi orí, ó wá wa alùpùpù rẹ̀ lọ tààrà sí àdúgbò Banikanni, ó sọ fún ìyá ìyàwó Gàrúbà. Obìnrin yẹn ń din kúlíkúlí tà, Ìyá Kúlíkúlí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó fi òróró sílẹ̀ lórí iná, ó fi ìborùn sílẹ̀, ó gun alùpùpù náà wá. A gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí a tó rí i. “Gàrúbà, ta lo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún? Gàrúbà, ta lo fi wá lé lọ́wọ́?” Gàrúbà wà lókè kámíọ̀n, iṣu ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọrí, ó ní, “Ìyá, kí ló dé?” Obìnrin náà gbójú sókè, ó rí i, ó jókòó sínú eruku bùù. A rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, ta ni kò ní rẹ́rìn-ín? Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù tilẹ̀ ní, “Ìyá, ẹ tọ́jú ẹkún yẹn pamọ́, ọjọ́ iwájú ṣì ń bọ̀.” Ṣùgbọ́n ìyá ò rẹ́rìn-ín, Gàrúbà náà ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ìyá dé ilé, kúlíkúlí ti di èédú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Gàrúbà wá bá mi, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. “Bàbá, ẹ bá mi bẹ pàtírọ̀n kí wọ́n yọ fótò yẹn. Àwọn èèyàn ń kí ìyàwó mi kú ìrọ́jú. Ọmọ mi dé iléèwé, wọ́n ń bi í pé ta ló ń bọ́ wọn báyìí.” Mo ní, “Wọ́n ń yìn ọ́, ìwọ ń sunkún. Nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, bí wọ́n bá gbé fótò mi kọ́ síbì kan, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa tẹ́ ẹní sí.” Mo gbọ́ ohun tó sọ dáadáa. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ lọ bá ọmọ tó ní mo ti rí ayé, kí n sọ fún un pé ayé tí mo rí kò bá tibí mu? Fótò wà lẹ́nu gééti títí oṣù fi parí.

Oṣù kejì dé, ẹ wá wo ohun tójú mi rí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dára mọ́. Ẹni tó máa ń gbé iṣu márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ń gbé méjì, á sì tún sinmi lójú ọ̀nà. Ẹni tó máa ń tètè dé ń pẹ́ dé. Bí mo bá ti yọjú báyìí, wọ́n á máa fi ara wọn sùn. “Bàbá, ẹ wo Sùlé, iṣẹ́ fẹ́ pa á.” Sùlé á ní, “Irọ́ ni o, oorun ni mo sùn láàárọ̀, Ìdírísù ni kí ẹ máa wò.” Ìdírísù á ju iṣu sílẹ̀ gbàmù kí n lè rí i pé kò mọ nǹkan kan. Mo ti rí ọ̀lẹ ní ìlú tí ẹ mọ̀ àtèyí tí ẹ ò mọ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pe àwọn ní ọ̀lẹ rí. Iṣu ń dá. Àwọn oníbàárà Kútọnu ń tẹ̀ wá láago, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ò ṣeé gbọ́. Ràímì fọwọ́ lérán, ó rò ó, ó rò ó, ó wá ní, “Bàbá, mótífásíọ̀n yẹn ni kò tíì tó. Ẹ jẹ́ ká mú kí fótò tóbi sí i.”

Gàrúbà náà ń fà sẹ́yìn. Ó lè to kámíọ̀n yẹn bó tilẹ̀ dijú, ṣùgbọ́n ó ń fọwọ́ kan iṣu bí ẹni tó ń fọwọ́ kan iná. Lọ́jọ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Lójú gbogbo èèyàn, lójú àwọn awakọ̀ tó ń mu tíì, mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní orúkọ oṣù tó kọjá ló ṣì ń jẹ. Mo ní ẹṣin ni Bàrùbá mọ̀ ọ́n gùn, wọn ò mọ ẹrù. Ó wò mí. Ó fi iṣu ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ré títì kọjá lọ sí gààráàjì Ìyá Mẹ̀múnà, oníṣu bíi tiwa. Ibẹ̀ ló wà títí dòní.

Nígbà tí Ràímì wá sọ ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn fún mi, mo gbéra, ó di Banikanni. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ ọkùnrin, kó ti ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ wọlé. Mo bá Ìyá Kúlíkúlí nídìí iná. Mo rò pé ó máa bú mi, mo ti múra sílẹ̀. Kò bú mi. Ó fún mi ní àpótí, ó bu kúlíkúlí gbígbóná fún mi, ó ní kí n jókòó. Mo ní mo wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ fótò. Ó ní, “Fótò wo? Mo ti gbàgbé fótò. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ṣé lóòótọ́ ni Gàrúbà mọ iṣẹ́ jù wọ́n lọ níbẹ̀?” Mo ní kò sí irú rẹ̀ láti ibí dé Malanville. Ó ní, “Ẹ sọ fún un?” Mo ní a gbé e kọ́ sẹ́nu gééti. Ó ní, “Mi ò bi yín léèrè gééti. Ẹnu yín ni mo bi. Ọmọ yìí ti wà lọ́dọ̀ yín kó tó ní irùngbọ̀n. Á dé ilé, á ní, ‘Bàbá ò sọ nǹkan kan lónìí, ó jọ pé iṣẹ́ mi dára.’ Ohun tó fi ń sùn nìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ wá sọ̀rọ̀, ọ̀lẹ lẹ pè é.” Ó tún bu kúlíkúlí sí i fún mi.

Yinni yinni kí ẹni ó ṣe mìíràn. Mo mọ òwe yẹn kí wọ́n tó bí Ràímì àti mótífásíọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló yin èmi? Ọ̀gá tó kọ́ mi ní ìtò ẹrù ní Kùmásì, ìfọ́tí ló fi ń kí mi kú àárọ̀. Mo sìn ín títí ó fi kú, kò sọ pé mo ṣeun rí. Ara mi ni mo ń yìn láti ìgbà náà, nítorí bí mi ò bá ṣe é, ta ni ì bá bá mi ṣe é? Ẹnu tó bá ti mọ́ ọn lára báyẹn, ṣé ọjọ́ kan ni wọ́n ń yí i padà?

Mo ré títì kọjá lánàá ṣá. Ìyá Mẹ̀múnà, obìnrin tí kò mọ orí iṣu yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, ń pariwo láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, “Gàrúbà, ọkọ mi, ọwọ́ yẹn ò ní rọ o!” Ọmọ náà sì dìde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ìyẹn nìkan. Kò ná an ní nǹkan kan. Gàrúbà rí mi, ó tẹríba, ó ní, “Bàbá, ẹ káàbọ̀.” Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé, èyí tó wúwo nísàlẹ̀, èyí tó fúyẹ́ lókè. Mo ní, “Gàrúbà.” Ó ní, “Bàbá.” Mo ní, “Oòrùn òní yìí mà mú o.” Ó ní, “Ó mú, Bàbá.” Ó wá dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọmọ náà dúró, iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Mo wo kámíọ̀n tó ń tò, mo ní, “Ìlà kejì yẹn ti fẹ́ tẹ̀.” Kò tẹ̀ o. Ó tọ́ bí okùn tí wọ́n fà. Ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Màá tún un ṣe.” Mo yí padà, mo wá sílé.

Ó sú mi. Ràímì sú mi, àwọn alábàárù sú mi, àgbà tó wà nínú mi yìí gan-an ti sú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti wo ojú èèyàn rí, tí ẹ sọ fún un pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí ahọ́n yín ò lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ẹ bá mi wá gbólóhùn kan. Kó má gùn. Kó jẹ́ èyí tí arúgbó lè sọ lórí ìdúró láàárín títì, kí ojú tó tì í. Kámíọ̀n iṣu tuntun àkọ́kọ́ ti gbéra láti N'Dali, mo sì fẹ́ tún kọjá sí òdìkejì yẹn kó tó dé.