Òkè Gambaga Pẹ̀lú Jíà Kẹta

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ti yí sẹ́yìn já sí kòtò rí lórí òkè, nítorí náà, kí n tó wọ ọkọ̀ kan tó kó iṣu àti èrò, mo tẹ́tí dáadáa sí awakọ̀ rẹ̀ àti fítà tó tún ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe ní Sabonjida.

“Àlájì, lójú títì tó tẹ́jú, díẹ̀ ni eré ọkọ̀ yìí fi lé sí i,” awakọ̀ wí.

“Ta ní ń fi iṣu sáré? Òkè Gambaga ńkọ́?” fítà bi í.

“Wàláhì, ibẹ̀ gan-an ni! Tẹ́lẹ̀, jíà kìíní ni, èrò á tún sọ̀kalẹ̀. Lánàá, jíà kẹta ni mo fi gùn ún tẹrùtẹrù. Èrò ń pàtẹ́wọ́!”

“Ipá tí mo fi kún un nìyẹn!”

“Mo ti fi igi tí mo fi ń dí táyà dáná.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu fítà. “Lọ gbẹ́ òmíràn. Ẹ́ńjìnnì ni mo tún ṣe, n kò tún òkè ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn, àti igi tuntun tí awakọ̀ lọ gbẹ́, ló jẹ́ kí n lè wọ ọkọ̀ náà.