Ẹnu Ọ̀sà Tí Mo Kùn Ní Àwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó ni òkun tó sì ni ọ̀sà ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́.

Gbogbo yín mọ̀ pé fíríìjì ni mo ń tún ṣe ní Asafo níbí. Kò sí òkun ní Kumasi, síbẹ̀ ọkọ̀ òkun tó ń gbé epo ni mo máa ń wò lórí fóònù: bó ṣe ń sáré, bó ṣe rì sómi tó. Èyí tó kún fún epo máa ń rì ju èyí tó ṣófo lọ. Ní etíkun wa, atẹ́gùn ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn fẹ́ wá sórí ilẹ̀, omi sì ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn. Mo ya máàpù abúlé etíkun tí àbúrò mi Àdùkẹ́ ń gbé. Mo fi pupa kun ibi tí epo lè dé, mo fi àwọ̀ ewé kun ibi tí kò séwu. Àwọ̀ ewé ni mo kun ọ̀sà tí Àdùkẹ́ ti ń dẹ pàkúté akàn, torí nínú fọ́tò satẹláìtì, yanrìn ti dí ẹnu rẹ̀. Akàn yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Fọ́tò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni! Mi ò mọ̀ pé bí òjò bá pọ̀, ará abúlé máa ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yanrìn náà kí omi ọ̀sà lè ṣàn sókun, kó má bàa wọlé wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, a gbọ́ pé ọkọ̀ kan da epo dúdú sókun lápá ọ̀dọ̀ wọn. Àdùkẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó gùn. Mo gbọ́ "Bọ̀dá, ẹ káàsán o, òjò yìí pọ̀ o," mo pa á, mo kọ̀wé sí i pé: "Fọkàn balẹ̀. Má kó pàkúté kankan kúrò. Kò séwu lọ́sà." Áà, ìgbéraga!

Láàárọ̀ Túsìdeè ló pè mí, ó ń sunkún. "Ebei, Bọ̀dá! Mo ṣáà sọ fún yín pé a ti gbẹ́ ẹnu ọ̀sà. Epo ti ń wọlé!"

Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn fíríìjì. Mi ò rí àdúrà gbà ju "Jésù, má wo tèmi" lọ. Ẹ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe! Àwọn apẹja ibẹ̀ kì í wọ òkun lọ́jọ́ Túsìdeè. Àṣà wọn ni, mo sì ti fi í ṣẹ̀fẹ̀ rí. Gbogbo ọkùnrin wà létíkun, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n jù ú sílẹ̀, wọ́n rọ yanrìn sápò, wọ́n dí ẹnu ọ̀sà kí ọ̀sán tó pọ́n. Halelúyà! Èyí tó pọ̀ jù nínú epo náà bá omi òkun kọjá lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo akàn tó wà nínú pàkúté ìtòsí ẹnu ọ̀sà ló kú. Ká ní mo gbọ́ ohùn tó fi ránṣẹ́ dópin ni, Àdùkẹ́ ì bá ti kó wọn kúrò. Kò bú mi. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Ó wá bá wa jọ́sìn lónìí, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Bí ẹ bá sì ń jó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè tẹ̀lé yín, torí mi ò tíì lè dá lọ bá a.